Verbunkos: ijó tí wọ́n fi ń fa ọ̀dọ́kùnrin wọ iṣẹ́ ológun

Ẹ lè bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé nínú ìwé ètò tí wọ́n ń pín lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn orin, bí wọ́n bá fẹ́ lu orin Liszt tàbí ti Kodály, àwọn olórin ilẹ̀ Húngárì. Ijó ilẹ̀ Húngárì kan ni. Inú èdè Jámánì ni orúkọ rẹ̀ ti wá: "Werbung", ìyẹn fífa ènìyàn wọ iṣẹ́ ológun.

Ní ọ̀rúndún 18, ìdílé ọba Habsburg, tó fi Vienna ṣe ibùjókòó, ló ń ṣàkóso Húngárì, wọ́n sì ń wá ọmọ ogun kiri. Wọn á rán sájẹ́ǹtì kan àti ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin mélòó kan lọ sí abúlé, àwọn ẹ̀yà Roma tó mọ fáólìn ta á sì tẹ̀ lé wọn. Sájẹ́ǹtì ló máa ń kọ́kọ́ jó, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Á gbẹ́sẹ̀, á dúró. Á fi gìgísẹ̀ kan gbá èkejì, kẹ́ṣẹ́ irin ẹ̀yìn bàtà á ró wọnran. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù á bọ́ sójú agbo, orin á bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Ọtí ń lọ, ara ń yá. Ọ̀dọ́kùnrin tó bá gbà kí wọ́n dé fìlà ológun lé òun lórí, tó sì bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó parí: ó ti di ọmọ ogun.

Bí ijó náà ṣe lọ ni orin rẹ̀ ṣe rí. Lassú ni apá tó ń falẹ̀, friss ni èyí tó ń sáré. Ìró gìgísẹ̀ yẹn náà wọ inú orin. Bokázó ni wọ́n ń pè é, òun ló máa ń parí gbólóhùn orin bí àmì ìdánudúró ṣe ń parí gbólóhùn ọ̀rọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí á gbàgbé àwọn onífáólìn yẹn. János Bihari, ọmọ Roma tó kú ní 1827, kò mọ orin kọ sílẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a kọ ọ́. Síbẹ̀ ó wà lára àwọn tó sọ orin yìí di ohun ńlá.

Csárdás, ijó Húngárì mìíràn tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara ilé ọtí ẹ̀bá ọ̀nà, jogún ìrìn kan náà. Brahms, olórin ilẹ̀ Jámánì, tẹ ijó Húngárì mẹ́wàá àkọ́kọ́ jáde ní 1869. Ìkarùn-ún, tí gbogbo ayé mọ̀, orin ìbílẹ̀ ló rò pé ó jẹ́. Àṣé Béla Kéler, olórin Húngárì kan, ló ṣe é.

Ní tèmi, Kodály ló lo verbunkos dára jù. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ibùdó rélùwéè ní Galánta, tó wà ní Slovakia báyìí, ibẹ̀ sì ni Kodály ti fi ọdún méje ìgbà èwe rẹ̀ gbọ́ ohùn fáólìn àwọn Roma. Ní 1933 ó ṣe "Dances of Galánta" fún ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún ẹgbẹ́ ọ̀kẹ́ẹ̀stírà Philharmonic ti Budapest. Inú ìwé orin tí wọ́n ti tẹ̀ ní Vienna ní nǹkan bí 1800 ló ti mú ohùn rẹ̀. Ẹ jókòó tì í fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Sẹ́lò, ẹbí fáólìn tó tóbi tí ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, ló ń ṣíde. Kláríǹẹ́ẹ̀tì, irú fèrè kan, á gbà á, á fà á gùn, á fi ọ̀ṣọ́ sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni eré á wọ̀ ọ́, títí gbogbo ọ̀kẹ́ẹ̀stírà á fi máa sáré bí ẹṣin tí wọ́n gún ní kẹ́ṣẹ́. Lójijì, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀, kláríǹẹ́ẹ̀tì á tún dá sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́: eré ìkẹyìn ṣì ń bọ̀.