Wíwá tíkẹ́ẹ̀tì àṣekágbá ìdíje hurling ní Írẹ́lándì

Àṣekágbá ìdíje hurling àwọn àgbà ti gbogbo Írẹ́lándì wà lára àwọn eré tí tíkẹ́ẹ̀tì wọn máa ń ṣọ̀wọ́n jù lọ lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè náà. Pápá ìṣeré Croke Park ní ìlú Dublin ni wọ́n ti ń gbá a. Pápá náà gba èèyàn 82,300, síbẹ̀ àwọn tó ń fẹ́ wọlé máa ń ju iye yìí lọ fíìfíì. Láti ìgbà tí fèrè ìkẹyìn bá ti dún ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí wọn yóò gbá àṣekágbá gan-an, ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ló máa ń gba ẹnu tọmọdé tàgbà ní káúńtì méjèèjì, ìyẹn àwọn àgbègbè tí ẹgbẹ́ wọn ń ṣojú fún, tó bá yege.

Eré náà àti àwọn tó ń gbá a

Hurling jẹ́ eré ìbílẹ̀ àwọn ará Írẹ́lándì, ó sì ti lọ́jọ́ lórí gan-an. Èèyàn 15 ló máa ń wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 70 ni wọ́n sì fi ń gbá a ní ìpele káúńtì àgbà. Igi tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń pè ní camán ní èdè Írẹ́lándì, ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré tó ń jẹ́ sliotar. Bọ́ọ̀lù tó bá wọ inú àwọ̀n jẹ́ góòlù kan, góòlù kan sì tó àmì mẹ́ta. Èyí tó bá gba òkè ọ̀pá ìdábùú kọjá láàárín òpó méjèèjì jẹ́ àmì kan péré. Ní ọdún 2018, àjọ UNESCO fi eré yìí sínú àkójọ àṣà àjogúnbá aráyé.

Àjọ Gaelic Athletic Association, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí GAA, ló ń darí rẹ̀. Ìlú Thurles ní káúńtì Tipperary ni wọ́n ti dá àjọ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 Oṣù Kọkànlá 1884, ìdíje ti gbogbo Írẹ́lándì sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1887. Ife ẹ̀yẹ Liam MacCarthy ni wọ́n ń gbé fún ẹni tó bá borí.

Ohun kan wà tí ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí tíkẹ́ẹ̀tì fi ń wọ́n tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fojú fò. Kò sí owó oṣù fún àwọn agbábọ́ọ̀lù yìí, wọn kì í sì í ṣòwò wọn láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn. Olùkọ́, àgbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n, àdúgbò tí wọ́n bí wọn sí ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbá bọ́ọ̀lù, káúńtì wọn ni wọ́n sì ń ṣojú fún. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n agbábọ́ọ̀lù kan, aládùúgbò rẹ̀, tàbí ẹni tó kọ́ ọ ní ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ilé ló ń jáde lọ ṣeré. Ta ni yóò fẹ́ jókòó sílé?

Bí wọ́n ṣe ń pín tíkẹ́ẹ̀tì

GAA kì í gbé tíkẹ́ẹ̀tì àṣekágbá sọ́jà fún gbogbo ayé. Ní àwọn ìpele tó ṣáájú, ẹnikẹ́ni lè ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tó bá ti di àṣekágbá, ọ̀nà yẹn ti dí. Àjọ náà máa ń pín tíkẹ́ẹ̀tì fún ìgbìmọ̀ àwọn káúńtì, títí kan àwọn tí ẹgbẹ́ wọn ti já kúrò nínú ìdíje, àwọn káúńtì méjì tó fẹ́ wàákò ló sì ń gba ìpín tó pọ̀ jù. Ìgbìmọ̀ káúńtì yóò wá pín tirẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò sì tà á fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Iye ẹgbẹ́ àdúgbò tó wà lábẹ́ GAA kárí ayé ju 2,200 lọ, èyí sì jẹ́ kí ó rọrùn láti rí i pé ohun tí yóò kan ẹyọ ẹgbẹ́ kan kò lè pọ̀.

Àwọn mìíràn náà ní ìpín tiwọn kí ó tó kan ẹgbẹ́ àdúgbò. Lára wọn ni àwọn tó ti sanwó ìjókòó ọlọ́dún púpọ̀ ní àjà àárín pápá náà, àwọn ilé iṣẹ́ onígbọ̀wọ́, àwọn ẹ̀ka àjọ náà ní òkè òkun, àti àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì sáà, èyí tó ń fún ẹni tó bá ti tẹ̀ lé káúńtì rẹ̀ déédéé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ní àǹfààní láti ra ti àṣekágbá. Lọ́dọọdún ni àwọn alátìlẹyìn máa ń ráhùn pé àwọn kan tí kò tẹ̀ lé ẹgbẹ́ kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún jókòó sí ibi tó dára jù, nígbà tí àwọn tó tẹ̀ lé e nínú òjò àti òtútù wà nílé. Òótọ́ wà nínú ìráhùn yìí. Síbẹ̀, ètò náà kò ṣàìní ìdí: ẹni tó ń kun ìlà pápá, tó ń fọ aṣọ àwọn ọmọdé, tó sì ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé wọn lọ síbi ìdíje láìgba kọ́bọ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò rántí rẹ̀ nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì bá dé. Bí wọ́n bá tà á fún ẹni tó kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì lórí kọ̀ǹpútà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má rí ọ̀kan rárá.

Nínú ẹgbẹ́ àdúgbò, akọ̀wé ni gbogbo ojú ń wò. Òun ni wọ́n ń pè lórí fóònù láàárọ̀ àti lálẹ́, òun náà ni yóò sì gba èébú bí kò bá kárí. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń ṣẹ́ kèké ní gbangba kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n ṣe ojúsàájú. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan a máa wá ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ tó wà níbẹ̀, pàápàá jù lọ ní àwọn káúńtì tí kò sí nínú àṣekágbá, níbi tí tíkẹ́ẹ̀tì ti lè ṣẹ́ kù. Ẹni tó ní owó lọ́wọ́ àmọ́ tí kò mọ ẹnikẹ́ni kò ní ibi tí yóò na owó náà sí.

Iye tí wọ́n ń tà á kò bá bí ó ṣe wọ́n tó mu rárá. Ní ọdún 2019, GAA fi owó kún un: tíkẹ́ẹ̀tì ìjókòó kúrò ní €80, ó di €90, ti ibi ìdúró kúrò ní €40, ó di €45. Orí Hill 16, ní apá kan pápá náà, ni ibi ìdúró yìí wà. Owó rẹ̀ kéré, ariwo rẹ̀ sì pọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ fi fẹ́ràn rẹ̀ ju ìjókòó lọ.

Àwọn ọdún tí ó le jù

Kì í ṣe gbogbo ọdún ni ìwákiri náà ń le bákan náà. Káúńtì tí ojú rẹ̀ ti rí ife fún ọ̀pọ̀ ọdún léraléra kì í sáré bí èyí tí ọ̀dá ife ti dá fún ìran kan. Kilkenny, tó ti gba ife náà ní ìgbà 36, ju káúńtì èyíkéyìí lọ, gbà á ní ọdún mẹ́rin tẹ̀ léra láti 2006 sí 2009. Limerick, ní tirẹ̀, kò gbà á láti 1973 títí di 2018, nígbà tí ó fi ẹyọ àmì kan ṣoṣo borí Galway. Ọdún 45 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wá tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dún yẹn ni kò tíì sí láyé nígbà tí Limerick gba ife gbẹ̀yìn. Ní ọdún tó ṣáájú rẹ̀, Galway àti Waterford ló pàdé, Galway kò sì gba ife láti 1988, Waterford láti 1959.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni ti ọjọ́ 20 Oṣù Keje 2025, nígbà tí Cork àti Tipperary pàdé. Káúńtì méjèèjì pààlà, wọ́n sì ti ń bá ara wọn fà á ní ẹkùn Munster láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje náà, àmọ́ wọn kò tíì pàdé rí ní àṣekágbá. Títí di ọdún 1997, ìlànà ìdíje kò gba káúńtì méjì láti Munster láàyè láti jọ dé ibẹ̀. Kí wọ́n tó pàdé lọ́jọ́ yẹn, Cork ti gba ife ní ìgbà 30, Tipperary 28. Lẹ́yìn èyí tí Cork gbà ní 2005, ó dé àṣekágbá ní 2006, 2013, 2021 àti 2024, ó sì pàdánù gbogbo wọn. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, Clare ló fi ẹyọ àmì kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn àfikún àkókò. Nígbà tí Cork wá gba líìgì àti ife ẹ̀yẹ Munster ní 2025, ọkàn àwọn èèyàn rẹ̀ balẹ̀ pé ọdún náà ti dé. Àwọn tó ń gbé ní káúńtì Cork lé ní 580,000, pápá Croke Park kò sì lè gba ìdá kan nínú méje wọn, ká tó sọ ti Tipperary.

Ó tún máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà kan rí pé kí eré parí sí ọ̀mì kí wọ́n sì tún un gbá, bó ṣe rí ní 2012, 2013 àti 2014, tí ìwákiri tíkẹ́ẹ̀tì sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun kí èèyàn tó sinmi láti inú ti àkọ́kọ́.

Iye èèyàn tó pọ̀ jù lọ tó wo àṣekágbá hurling rí ni 84,856, ní Oṣù Kẹsàn-án 1954, nígbà tí Cork borí Wexford tí Christy Ring, agbábọ́ọ̀lù Cork, sì gba àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ kẹjọ. Bí pápá náà ṣe rí lónìí, kò lè gba iye yẹn mọ́. Ní ìdà kejì, kò sí òǹwòran kankan nígbà tí Limerick àti Waterford pàdé ní Oṣù Kejìlá 2020 nítorí àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19, 40,000 péré sì ni wọ́n gbà láàyè ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni tíkẹ́ẹ̀tì orí fóònù gba ipò èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sórí ìwé, tí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ máa ń pín nínú àpò ìwé.

Àwọn alágbàtà àti òfin

Níbi tí ohun kan bá ti ṣọ̀wọ́n, alágbàtà kì í jìnnà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan máa ń dúró nítòsí Croke Park, ní òpópónà Jones' Road àti ní àdúgbò Drumcondra, tí wọ́n ń kígbe pé àwọn ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn sì ń tà á. Ní ọdún 2021, Írẹ́lándì ṣe òfin kan tó ka títún tíkẹ́ẹ̀tì tà ju iye tó wà lára rẹ̀ lọ léèwọ̀, ní ibikíbi tó bá gba èèyàn 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rú òfin náà lè san owó ìtanràn tó tó €100,000 tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Òfin náà yọ àwọn ẹgbẹ́ eré ìdárayá tí kì í ṣe ti olówó oṣù sílẹ̀ bí wọ́n bá ń fi tíkẹ́ẹ̀tì kówó jọ fún iṣẹ́ ẹgbẹ́.

Ọ̀sẹ̀ àṣekágbá nílé

Ìrètí náà máa ń hàn lójú pópó kí ó tó hàn ní Dublin. Àsíá pupa àti funfun ni ti Cork, búlúù àti wúrà ni ti Tipperary, dúdú àti ìyeyè ni ti Kilkenny, àwọ̀ ewé ni ti Limerick. Wọ́n ń ta á mọ́ òpó iná, wọ́n ń so ó mọ́ fèrèsé ọkọ̀ àti ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà, àwọn àgbẹ̀ sì máa ń kun òkìtì koríko tí wọ́n dì sí ẹ̀bá ọ̀nà ní àwọ̀ káúńtì wọn. Ilé iṣẹ́ rédíò àdúgbò kì í sọ ohun mìíràn. Títí di ọdún 2017, Oṣù Kẹsàn-án ni àṣekágbá máa ń wáyé, nígbà tí àwọn ọmọdé ti wọlé sí ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù sì lè lọ kí wọn ní kíláàsì. Nísinsìnyí tí ó ti bọ́ sí Oṣù Keje, àwọn ibùdó ìgbafẹ́ ọmọdé ní ìgbà ọlidé ló gba ipò náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ ojú irin àti mọ́tò á ti kún láti Cork, tó jìnnà sí Dublin tó nǹkan bí kìlómítà 250. Àwọn kan a máa wọkọ̀ láìní tíkẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìrètí pé ẹnì kan yóò pè wọ́n lójú ọ̀nà. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjèèjì yóò tò tẹ̀ lé àwọn onífèrè Artane Band yí pápá ká, ariwo Hill 16 yóò sì bo ohùn fèrè mọ́lẹ̀.

Àwọn tí kò rí tíkẹ́ẹ̀tì ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n RTÉ, nínú ilé tàbí ní ilé ọtí, tí àwọn ojú pópó ìlú a sì dá páropáro. Ní 2025, Cork fi àmì mẹ́fà ṣíwájú nígbà ìsinmi, àmọ́ àmì méjì péré ni ó tún rí lẹ́yìn rẹ̀. Tipperary borí pẹ̀lú góòlù 3 àti àmì 27 sí góòlù 1 àti àmì 18. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ife náà padà sí Thurles, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti béèrè tíkẹ́ẹ̀tì àṣekágbá lọ́wọ́ àwọn tó tú jáde wá pàdé rẹ̀.