Àmì ọfà tó wà nídìí rọ́bà ò sọ pé wọ́n máa tún un lò o

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ike tó bá ti ní àmì ọfà mẹ́ta tó ń léra wọn kiri nídìí, ó ti di àtúnlò nìyẹn, kéèyàn ṣáà ti jù ú sínú garawa àtúnlò, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ yí ike kan dà kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí nọ́ńbà kan láàárín ọfà yẹn, láti 1 dé 7. Oríṣi rọ́bà tí wọ́n fi ṣe é ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́dún 1970, kọ́ńpìnì kan tó ń ṣe páálí ní Amẹ́ríkà ṣe ìdíje, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ọmọ ọdún 23 kan tó ń jẹ́ Gary Anderson ló ya ọfà mẹ́ta yẹn tó sì gbégbá orókè. Tìtorí pépà àti páálí ni wọ́n ṣe yà á nígbà yẹn o, kò kan rọ́bà. Ìgbà tó di 1988 ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe rọ́bà níbẹ̀ wá mú ọfà tó jọ ọ́, wọ́n ki nọ́ńbà bọ àárín ẹ̀, kí àwọn tó ń ṣa rọ́bà lè dá oríṣi kọ̀ọ̀kan mọ̀. Lójú tèmi, kò yẹ kí wọ́n lo ọfà yẹn rárá, ta ló máa rí i tí ò ní rò pé wọ́n máa tún un lò? Lọ́dún 2013 wọ́n yí i sí onígun mẹ́ta lásán tí ò ní ọfà, àmọ́ ike ọlọ́fà ṣì pọ̀ nílẹ̀ di báyìí.

Nọ́ńbà 1 ni ike omi àti ti ẹlẹ́rìndòdò, 2 ni èyí tó nípọn díẹ̀ tí wọ́n fi ń ta mílíìkì àti ọṣẹ olómi, àwọn méjèèjì yìí ló yá jù láti rẹ́ni rà. 5 náà ń rọ́jà láwọn ibì kan. 3 ni PVC, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, ọ̀rá wà ní 4, fóòmù funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí wà ní 6, 7 wá ni gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù, wọ́n kàn kó wọn pọ̀ síbẹ̀ ni.

Ohun tó máa sọ bóyá wọ́n á tún ike kan lò ni bóyá ẹnì kan wà tó máa rà á, tó ní máṣíìnì ẹ̀, tówó tó máa rí níbẹ̀ sì máa ju owó tó fi kó o, tó fi fọ̀ ọ́, tó fi yọ́ ọ lọ. Nígbà tí Ṣáínà ní òun ò gba pàǹtírí rọ́bà látòkè òkun mọ́ lọ́dún 2018, àwọn ìlú kan tó ti ń kó irú rọ́bà kan fún àtúnlò tẹ́lẹ̀ sọ pé àwọn ò gbà á mọ́, bẹ́ẹ̀ àmì ìdí ẹ̀ ò yí padà o! Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017 tiẹ̀ ṣírò gbogbo pàǹtírí rọ́bà tí aráyé ti dà nù títí di 2015: nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n tún lò, wọ́n sun ìdá 12, ìdá 79 tó kù wà lórí ààtàn tàbí káàkiri ilẹ̀ àti inú omi.

Ẹlòmíì á ní kò burú, èmi ṣáà ti jù ú síbẹ̀, tí ò bá wúlò kí wọ́n yọ ọ́. Ìyẹn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ọ̀rá máa ń lọ́ mọ́ irin tó ń yí nínú máṣíìnì tó ń ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀, wọ́n á ní láti pa máṣíìnì, èèyàn á wá mú ọ̀bẹ wọnú ẹ̀ lọ gé e kúrò. Ti PVC tún burú sí i, torí ooru tí wọ́n fi ń yọ́ ike nọ́ńbà 1 lé ní 250 lórí òṣùwọ̀n Celsius, PVC ò lè gba ooru yẹn, ṣe ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í jó, á máa tú ásíìdì jáde, díẹ̀ báyìí tó bá ti yí mọ́ ọn, ike tó dáa tí wọ́n kó jọ á pàwọ̀ dà, kò sì ní lágbára mọ́.

Torí náà, ẹ bi àwọn tó ń kólẹ̀ yín nọ́ńbà tí wọ́n ń gbà, kẹ́ ẹ fomi ṣan ìyẹn, kẹ́ ẹ da ìyókù mọ́ ìdọ̀tí tó kù, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ó sàn ju kó lọ ba tàwọn yòókù jẹ́ lọ. Ẹ bi wọ́n nípa ìdérí náà o, torí àwọn kan ń fẹ́ kó wà lórí ike, àwọn kan ní kẹ́ ẹ ṣí i kúrò.