Kì Í Ṣe Ẹ̀rọ Ìránṣọ Ló Ń Ba Tábìlì Inú Páálí Jẹ́

Ẹnikẹ́ni tó bá ti sọ pé òun fẹ́ ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ìránṣọ nínú ilé, kí òun sì ra tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù inú páálí sí i, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi dá a lóhùn pé, "Ẹ̀rọ ìránṣọ kẹ̀? Lórí pákó yẹn? Kò ní pẹ́ fọ́." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu télọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu káfíńtà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀rọ̀ náà ń dá àwọn èèyàn dúró. Wọ́n á ní àwọn ń tọ́jú owó tábìlì igi gidi, ọdún á yí lu ọdún, ẹ̀rọ á wà nínú àpótí rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, aṣọ tí wọ́n rà sílẹ̀ á sì máa gbó síbi tó wà.

Ohun tí mò ń pè ní inú páálí ni ohun èlò ilé tí wọ́n ń tà ní pẹlẹbẹ, pákó lórí pákó, pẹ̀lú àpò síkúrù àti ìwé àwòrán, tí ẹni tó rà á yóò tò fúnra rẹ̀. Ìtàn tí IKEA, ilé iṣẹ́ Sweden, máa ń sọ ni pé lọ́dún 1956, òṣìṣẹ́ wọn kan tó ń jẹ́ Gillis Lundgren tú ẹsẹ̀ tábìlì kan kí tábìlì náà lè wọ inú ọkọ̀. Ẹ fi ìtàn yẹn sọ́kàn. Ibi tí ẹsẹ̀ ti tú yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ìwúwo ẹ̀rọ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, mi ò sì ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ilé òde òní, oníke, kì í sábà ju kílò 5 sí 8 lọ. Èyí tí wọ́n fi irin ṣe láyé àtijọ́ lè tó kílò 10 sí 15. Pákó kan náà tí wọ́n ní kò lè gbé e ni wọ́n ń to ìwé gbàǹgbà-gbàǹgbà sí, òun ni wọ́n ń gbé tẹlifíṣọ̀n lé, òun ni ọmọ ń gùn láti fa nǹkan lókè, kò sì sí ẹni tó ń pariwo. Ìwúwo kọ́.

Mímì ni. Níbí ni mo fẹ́ jókòó sí, nítorí pé ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, òun náà ló sì bí gbogbo àríyànjiyàn yòókù.

Bí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà délẹ̀, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ilé máa ń gún aṣọ ní bíi ìgbà 800 sí 1,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó bá ń rán tààrà, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò, eyín tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, irin kékeré tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, sì ń ti aṣọ lọ sẹ́yìn. Bí ẹ bá yí i sí síígí-sáàgì, ọ̀pá abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ á máa fì sọ́tùn-ún, fì sósì, ní gbogbo ìgbà tó bá gún aṣọ. Ohun tó ń tẹ tábìlì mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ tábìlì ń gbà á, ilẹ̀ sì ń gba ti ẹsẹ̀. Fífì sọ́tùn-ún sósì yàtọ̀. Igun tábìlì ló ń fà, ibi tí ẹsẹ̀ ti pàdé pákó òkè, ibi tí síkúrù wà.

Ẹ mú páálí òfìfo kan. Ẹ ṣí ẹnu rẹ̀, ẹ ṣí ìdí rẹ̀ náà, kí ẹ wá gbé e dúró ní ẹ̀gbẹ́ bíi fèrèsé tí èèyàn lè gba inú rẹ̀ wo òdìkejì. Ẹ fi ìka kan ti òkè rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Á kọ́kọ́ fì, lẹ́yìn náà á wó palẹ̀ pẹlẹbẹ, bó ṣe rí kí wọ́n tó ṣí i. Páálí náà kò ya, kò sì tẹ̀ láàárín. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló yí. Ẹ tún gbé e dúró, kí ẹ wá dí ẹnu kan ṣoṣo, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ yíká. Ẹ tún tì í. Kò ní lọ mọ́. Pélébé tí ẹ fi dí ẹnu yẹn kò nípọn ju àwọn yòókù lọ, síbẹ̀ òun ló ń di gbogbo igun mú. Onígun mẹ́rin kò lè dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àfi bí igun kan bá jìnnà sí igun tó dojú kọ ọ́, pélébé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò sì gbà kí wọ́n fa òun gùn.

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù, pẹpẹ àti àpótí dúrọ́ọ̀ inú páálí, iṣẹ́ pélébé yẹn ni pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ẹ̀yìn ń ṣe, èyí tó sábà máa ń jẹ́ bíi mílímítà 3 péré. Òun ni àwọn èèyàn ń pè ní ohun ìdènà eruku. Wọ́n á ní ògiri ni ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù dojú kọ, ta ló máa rí i? Wọ́n á fi ìṣó mẹ́rin kàn án níbi tí ìwé àwòrán ti sọ pé ogún, tàbí kí wọ́n má kàn án rárá. Bí kọ́bọ́ọ̀dù bá wá ń fì bí ẹni tó mutí, wọ́n á ní pákó rẹ̀ ni kò dára.

Àbúrò mi obìnrin pè mí lọ́dún tó kọjá pé tábìlì ìránṣọ òun ti bàjẹ́, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta. Pákó gígùn kan ló gbé lé orí àpótí dúrọ́ọ̀ méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ètò tó dára gan-an. Ó jókòó, ó tẹ pẹ́dà kí n lè rí i. Kẹ̀kẹ́ òwú tó wà létí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó yí, ó jábọ́. Mo di etí tábìlì mú, mo tì í díẹ̀: ó lọ tó ìbú ìka méjì kó tó padà. Mo kúnlẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn àwọn àpótí náà. Ògiri ni mo rí.

Mo ní, "Ẹ̀yìn wọn dà?"

Ó ní, "Ẹ̀yìn wo, ẹ̀gbọ́n mi?"

Páálí ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ fi gé pátánì. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì wà nínú rẹ̀, láàárín fóòmù, pẹ̀lú àpò náílọ́ọ̀nù tí ìṣó tín-ín-rín kún inú rẹ̀. A kó dúrọ́ọ̀ kúrò, a da ojú àpótí méjèèjì délẹ̀. Kí a tó kan ohunkóhun, a fi téèpù wọ̀n ọ́n láti igun òkè ọ̀tún dé igun ìsàlẹ̀ òsì, lẹ́yìn náà láti òkè òsì dé ìsàlẹ̀ ọ̀tún. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àpótí tó dà ni ẹ fẹ́ fi ìṣó dè bẹ́ẹ̀ títí láé, dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ò sì ní wọlé dáadáa mọ́. Ti àkọ́kọ́ fi mílímítà 6 yàtọ̀. A rọra tì í títí ó fi dọ́gba, a wá kan ìṣó yíká etí rẹ̀, èyí kan kò sì jìnnà sí èkejì ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Iṣẹ́ náà kò tó wákàtí kan. Nígbà tó tún tẹ pẹ́dà, kẹ̀kẹ́ òwú náà gbọ̀n, àmọ́ kò kúrò lójú kan.

Èsì tí mo máa ń gbà bí mo bá sọ èyí ni pé tábìlì igi gidi kò nílò ẹ̀yìn. Ó nílò ohun tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì tí káfíńtà tó mọṣẹ́ ṣe: igi gbọọrọ mẹ́rin ló so ẹsẹ̀ pọ̀ yíká lábẹ́ ojú rẹ̀, ó gbẹ́ ihò sí ẹsẹ̀, ó ki ẹnu igi bọ̀ ọ́, ó fi gọ́ọ̀mù dì í. Oríkèé yẹn ni agbára rẹ̀. Tábìlì igi gidi tí gọ́ọ̀mù oríkèé rẹ̀ ti tú máa ń mì débi pé òwú á máa já mọ́ni lọ́wọ́. Òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ràn igi gidi o: tábìlì tó wúwo máa ń gbọ̀n kéré sí èyí tó fúyẹ́, kódà bí oríkèé àwọn méjèèjì bá le bákan náà. Wọ́n jàre níbẹ̀. Àmọ́ ìyàtọ̀ láàárín gbígbọ̀n díẹ̀ àti fífọ́ pọ̀.

Tábìlì oní-ẹsẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n kàn yí síkúrù ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ abẹ́ pákó, òun ni mo máa ń ṣọ́ra fún jù, torí kò ní ẹ̀yìn, kò ní igi tó so ẹsẹ̀ pọ̀. Ẹ lè yọ ẹsẹ̀ méjì ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fi àpótí dúrọ́ọ̀ tó ga tó wọn rọ́pò, tàbí kí ẹ de pákó kan mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, kí ẹ wá ti tábìlì mọ́ igun ògiri.

Kí ẹ sì kan ojú tábìlì náà wò pẹ̀lú oríkèé ìka. Ọ̀pọ̀ èyí tó nípọn tó sì fúyẹ́ jẹ́ ihò nínú: pákó tín-ín-rín lókè, òmíràn nísàlẹ̀, bébà tí wọ́n ṣe bí afárá oyin láàárín, igi tàbí pákó líle sì wà ní etí nìkan. Bí ó bá ń dún bí ìlù, òun nìyẹn. Ẹ̀rọ ilé lè jókòó lórí rẹ̀ láìsí wàhálà. Ohun tí kò gbà ni kí ẹ fi ayùn gé ojú rẹ̀ láti ri ẹ̀rọ wọlé kí ó lè bá tábìlì dọ́gba, tàbí kí ẹ yí síkúrù sí àárín rẹ̀. Bébà ni síkúrù á bá níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ri ẹ̀rọ wọlé, kó wá ojú tábìlì tí kò ní ihò nínú, bíi plywood tó nípọn. Ẹ̀rọ iléeṣẹ́, èyí tí orí rẹ̀ nìkan lè ju kílò 25 lọ, ní tábìlì àti ẹsẹ̀ irin tirẹ̀. Ẹ má gbé e lé ohun tí a ń sọ yìí.

Nítorí náà, ṣé gbogbo tábìlì inú páálí ló yẹ fún ìránṣọ? Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Pákó tí wọ́n fi èérún igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ní àìlera tirẹ̀. Bí omi bá wọ etí rẹ̀, á wú, kò sì ní padà sí bó ṣe wà, ìdí nìyẹn tí áyọ́ọ̀nù olómi ò fi gbọ́dọ̀ máa kán sí i. Mímì ẹ̀rọ máa ń tú síkúrù díẹ̀díẹ̀, torí náà ẹ tún yí wọn kí wọ́n le lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má sì fi gbogbo agbára yí wọn, torí ihò tó bá ti jẹ nínú irú pákó yẹn kì í di síkúrù mú lẹ́ẹ̀kejì. Aṣọ sì wúwo ju bí a ṣe rò lọ. Bí ìwúwo kan náà bá wà lórí pẹpẹ tó gùn ní ìlọ́po méjì, pẹpẹ náà á tẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́jọ, nítorí náà pẹpẹ kúkúrú púpọ̀ sàn ju gígùn díẹ̀ lọ.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú ní pàtàkì jù. Yàrá ìránṣọ máa ń kún fún àpótí dúrọ́ọ̀, a sì máa ń kó aṣọ, síìpù, àlùmọ́gàjí àti bọ́tìnnì sínú wọn títí wọ́n á fi wúwo. Ọmọ kékeré á fa dúrọ́ọ̀ méjì síta, á fi ẹsẹ̀ lé wọn bí àtẹ̀gùn, gbogbo rẹ̀ á sì dojú dé e. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2016, lẹ́yìn tí irú rẹ̀ ti pa àwọn ọmọdé, IKEA pe àpótí dúrọ́ọ̀ tó tó mílíọ̀nù 29 padà. Láti September 2023 ni òfin ibẹ̀ ti sọ ọ́ di dandan pé kí àpótí dúrọ́ọ̀ tuntun yege ìdánwò ìdúróṣinṣin kí wọ́n tó tà á. Ẹ̀yìn tí ẹ kàn dáadáa kò ní gbà yín lọ́wọ́ èyí. Ó ń jẹ́ kí àpótí má fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, kò ní kó má dojú bolẹ̀.

Irin kékeré tàbí okùn tí wọ́n fi ń so àpótí mọ́ ògiri sábà máa ń wà nínú páálí, nínú náílọ́ọ̀nù tirẹ̀. Nígbà tí mo wo ti àbúrò mi, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ òkè pátápátá, láàárín àwọn bọ́bìnì, wọn ò tíì já náílọ́ọ̀nù rẹ̀. Ẹ lọ wo tiyín.