Ìlà Oníkókó Etí Pèpéle: Ohun Tí Ẹsẹ̀ Afọ́jú Mọ̀

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bí afọ́jú bá ní òun ó sọ ọ́ lókò, má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti fẹsẹ̀ tẹ òkò kan mọ́lẹ̀ ni. Ojú kò rí i, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mọ ibi tó wà. Òye yìí gan-an ni wọ́n fi ṣe ohun kan tó ń dáàbò bo ẹ̀mí èrò lójoojúmọ́ ní ibùdókọ̀ rélùwéè káàkiri ayé, ó sì máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń tẹ̀ ẹ́ kọjá láì mọ ohun tó jẹ́.

Ìlà yẹ́lò oníkókó tó wà létí pèpéle ni mò ń sọ, níbi tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀. Ẹni tó bá ti wọ rélùwéè ní London tàbí ní Tokyo á ti pàdé rẹ̀. Bí bàtà yín bá fẹ́lẹ́, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára: ilẹ̀ tó ti ń tẹ́jú bọ̀ látẹ̀yìn á ṣàdédé di gbágungbàgun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ilẹ̀ ń sọ fún ẹsẹ̀ níbẹ̀: dúró.

Ìlú Okayama ní ìwọ̀ oòrùn Japan ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Miyake Seiichi. Ọdún 1926 ni wọ́n bí i, ilé àlejò ló sì fi ń jẹun. Iṣẹ́ rélùwéè kọ́ ló ń ṣe. Láàárín ọdún 1960 sí 1965, ọkọ̀ ti pọ̀ lójú títì ní Japan, ìjàǹbá sì ń pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan, Miyake rí ẹnì kan tó mú ọ̀pá funfun lọ́wọ́, tó fẹ́ sọdá títì. Ọkọ̀ kan sáré kọjá níwájú ẹni náà, díẹ̀ ló kù kó gbá a. Ẹlòmíì á ní “Ọlọ́run ló yọ ọ́”, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọkàn Miyake kò kúrò lórí ohun tó rí.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Iwahashi Hideyuki, tí ojú tirẹ̀ ti ń ṣú lọ. Ẹnu ọ̀rẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ó ní bí òun tilẹ̀ wọ bàtà, òun máa ń mọ ibi tí àwọn ewé wẹ́wẹ́ tútù tó ń bo ilẹ̀ parí sí àti ibi tí erùpẹ̀ lásán ti bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ òun ló ń sọ fún òun.

Mo fẹ́ ká dúró síbí díẹ̀, nítorí ibí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Bí a bá fẹ́ ran afọ́jú lọ́wọ́, ohun tí àwa tó ríran rò pé ó nílò la sáábà máa ń ṣe fún un. A ó fà á lọ́wọ́, a ó pariwo mọ́ ọn létí bí ẹni pé etí ló di. Miyake ní tirẹ̀ gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ, ó sì gbà á gbọ́. Bí ẹsẹ̀ bá lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ewé àti erùpẹ̀, á jẹ́ pé èèyàn lè kọ̀wé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀ kà á.

Lọ́dún 1965, ó ṣe búlọ́ọ̀kù náà: kọnkéré onígun mẹ́rin, 30 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti òró, kókó 49 lójú rẹ̀, méje-méje ní ọ̀wọ́ méje. Owó ara rẹ̀ ló ń ná sí i. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1967, wọ́n tẹ́ 230 irú rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń sọdá títì ńlá kan nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Okayama. Ibẹ̀ ni ibi àkọ́kọ́ lágbàáyé. Lẹ́yìn náà, ọjà kò yá. Miyake ń fún àwọn ìlú lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n ṣáà lè dán an wò.

Ẹ rí i pé títì ọkọ̀ ló ṣe é fún. Bó ṣe dé ojú irin nìyí. Ní Osaka, ibùdókọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Abikocho, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú sì wà ládùúgbò rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà ń gba ibùdókọ̀ yìí kọjá. Lọ́dún 1970, wọ́n tẹ́ búlọ́ọ̀kù oníkókó sórí pèpéle rẹ̀, ibùdókọ̀ rélùwéè àkọ́kọ́ tó ní in. 

Ní Japan, àwọn aláìríran ní orúkọ tí wọ́n ń pe pèpéle rélùwéè: afárá tí kò ní ọwọ́ ìdìmú. Ẹ fojú inú wò ó. Pèpéle mìíràn wà láàárín ojú irin méjì, ihò lápá ọ̀tún, ihò lápá òsì, ariwo ọkọ̀ ń ti apá méjèèjì wá, èrò ń ti ara wọn. Ẹni tí etí ló fi ń ríran, kí ló fẹ́ gbọ́ nínú gbogbo èyí?

Ibùdókọ̀ Takadanobaba ní Tokyo ló jẹ́ kí gbogbo Japan mọ̀ pé orúkọ yẹn kì í ṣe àwàdà. Àdúgbò tí àwọn aláìríran ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ni, nítorí ilé ìkàwé bíréèlì, ìwé tí afọ́jú ń fi ìka kà, àti àwọn ilé iṣẹ́ tiwọn wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1973, ọkùnrin kan tí kò ríran já sílẹ̀ láti orí pèpéle níbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì pa á. Kò sí ìlà oníkókó lórí pèpéle náà. Àwọn òbí rẹ̀ gbé iléeṣẹ́ rélùwéè ìjọba lọ sílé ẹjọ́: wọ́n ní kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọ àwọn ló ṣì, ilẹ̀ ni kò bá a sọ̀rọ̀. Ẹjọ́ náà pẹ́ gan-an. Ọdún 1986 ni wọ́n tó fi ìpẹ̀tù parí rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ìlà náà ti ń tàn láti ibùdókọ̀ kan dé òmíràn. Inú mi kì í dùn tí mo bá ka ibí yìí. Ohun tí ẹnì kan ti ṣe láti ọdún 1965, òkú ló wá ṣe alágbàwí rẹ̀.

Kókó nìkan kọ́ ni èdè búlọ́ọ̀kù yìí. Oríṣi kejì wà, tó ní ọ̀pá gbọọrọ gbọọrọ lójú: ìyẹn ní kéèyàn máa lọ. Kókó ní kéèyàn dúró. Àwọ̀ yẹ́lò wà fún àwọn tí ojú wọn ṣì ń ríran fírífírí, kó lè hàn sí wọn lára ilẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2001, Japan fi òdiwọ̀n kan lélẹ̀ fún gbogbo wọn: kókó kò gbọdọ̀ dín ní 25 lórí búlọ́ọ̀kù kan, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 5 mìlímítà. Mìlímítà márùn-ún péré! Kò ga tó ìka ọwọ́.

Síbẹ̀, àwọn tó ń lò ó tún rí àbùkù kan. Bí èrò bá kọ lu aláìríran, tí kò mọ ibi tó kọjú sí mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè bá kókó kó sì mọ̀ pé etí pèpéle nìyí, àmọ́ apá wo ni ihò wà? Ẹni tó bá sún sẹ́yìn kó má baà já, ó lè jẹ́ pé inú ihò gan-an ló ń sún lọ. Wọ́n wá fi ọ̀pá gbọọrọ kan kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó, lápá inú pèpéle, níbi tó jìnnà sí ihò. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti bá ọ̀pá yẹn, ibẹ̀ ni ààbò wà. Ẹni tó ríran kò lè ronú kan irú èyí láéláé.

Ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ tí n kò rò pé Miyake lérò. Láyé àtijọ́, ìlà funfun ni wọ́n máa ń kùn sétí pèpéle ní Japan, ìkéde á sì ní kí èrò dúró sẹ́yìn ìlà funfun. Bí yẹ́lò ṣe ń gbalẹ̀, ìkéde yí padà: ẹ dúró sẹ́yìn ìlà yẹ́lò. Òun náà ni òṣìṣẹ́ orí pèpéle ń wò kó tó jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra, òun náà ló sì ń sọ fún òṣìṣẹ́ ọ̀hún ibi tí ara tirẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Miyake kú lọ́dún 1982.

Kì í ṣe pé ìlà náà tó tán. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ọkùnrin kan tó ń tẹ̀ lé ajá afinimọ̀nà já sí ojú irin ní ibùdókọ̀ Aoyama-itchome ní Tokyo, ó sì kú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti túbọ̀ ń tẹra mọ́ fífi ilẹ̀kùn sí etí pèpéle, tí kì í ṣí àfi bí ọkọ̀ bá dúró tán.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, kókó ti etí pèpéle yàtọ̀ sí ti ibi ìsọdá títì: ti títì tò léra wọn gbọọrọ, ti pèpéle ń yà fún ara wọn. Àmọ́ lọ́dún 2020, kì í ṣe gbogbo ibùdókọ̀ ló ní in. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ní Eden Park, gúúsù ìlà oòrùn London, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá kò ti jìnnà, ọkùnrin kan tí kò ríran dáadáa já sílẹ̀ láti orí pèpéle, ọkọ̀ sì pa á. Kò sí ìlà oníkókó níbẹ̀. Àwọn olùwádìí ìjàǹbá sọ ọ́ nínú ìròyìn wọn, lẹ́yìn èyí ni iléeṣẹ́ rélùwéè tó sáré sí títẹ́ rẹ̀ sí àwọn ibùdókọ̀ tó kù. Ọdún 1973 àti ọdún 2020, ọ̀rọ̀ kan náà. Ó yẹ ká gbọ́ ọ nílé náà: láti oṣù kìíní ọdún 2019 ni òfin ẹ̀tọ́ àwọn abarapá ti wà ní Nàìjíríà, rélùwéè Èkó láti Marina dé Mile 2 sì ti ń kó èrò láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023.

Mo wà ní ibùdókọ̀ kan ní gúúsù London lọ́jọ́ Sátidé kan. Ìyá àgbàlagbà kan wọ aṣọ ẹbí, gèlè rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó sì gbé kúlà oúnjẹ rẹ̀ lé orí ìlà oníkókó. Ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ ibẹ̀ rìn wá. Ọmọ wa ni.

“Ẹ kú ìrìn, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín sún kúlà yìí sẹ́yìn. Ọ̀nà àwọn tí kò ríran lẹ gbé e lé.”

“Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi? Mo ṣe bí ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ṣe.”

“Rárá, mà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń kà á.”

Ó gbé kúlà náà kúrò. Ìyá náà wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó bọ́ ẹsẹ̀ kan kúrò nínú bàtà, ó di ọwọ́ ọmọkùnrin náà mú, ó sì rọra fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ kókó náà.