Alexander ti kú tipẹ́, èdè tó gbé rìn ò kú

"Ọba tó ti kú láti nǹkan bí 2,300 ọdún, kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀?" Bí mo bá ti dárúkọ Alexander ará Masedóníà, ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ́kọ́ máa ń sọ nìyẹn. Mi ò kì í bá wọn jiyàn. Bíbélì ni mo máa ń ní kí wọ́n ṣí, Jòhánù orí 19, ẹsẹ 20. Àkọlé tí Pílátù fi sórí àgbélébùú Jésù, èdè mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ọ́: Hébérù, Látìnì àti Gíríìkì.

Hébérù yé ni, ilẹ̀ àwọn Júù ni. Látìnì náà yé ni, Róòmù ló ń jọba lé wọn lórí. Gíríìkì wá ńkọ́? Ta ló gbé e dé Jerúsálẹ́mù?

Alexander ni. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó gorí ìtẹ́, kò sì tíì pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó fi kú sí Bábílónì, ní ọdún 323 ṣáájú ìbí Jésù. Kó tó kú, ó ti gba Íjíbítì, ó ti dojú ìjọba Páṣíà bolẹ̀, ó sì ti jagun títí dé ilẹ̀ tí à ń pè ní Pakísítánì lónìí. Mi ò ní bá a bo ìwà ìkà rẹ̀ mọ́lẹ̀ o. Oṣù méje ló fi dó ti ìlú Tírè, nígbà tó sì wọ̀ ọ́, ó pa wọ́n nípakúpa, ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn tà lẹ́rú.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé ilẹ̀ tó gbà ni a fi ń wọn ogún tó fi sílẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ò tọ́jọ́ rárá: kò pẹ́ tó kú ni àwọn ọ̀gágun rẹ̀ wọ̀yá ìjà, tí wọ́n sì pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́. Èdè ló dúró. Àwọn ọmọ ogun àti oníṣòwò tó ń sọ Gíríìkì tẹ̀dó káàkiri. Ní Alẹkisáńdíríà, ìlú tó tẹ̀ dó ní Íjíbítì, ó di dandan kí àwọn Júù túmọ̀ Òfin Mósè sí Gíríìkì kó lè yé àwọn ọmọ wọn. Gíríìkì náà ni Pọ́ọ̀lù fi kọ lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù, àwọn tí Látìnì jẹ́ èdè ìlú wọn gan-an.

Ìdí nìyẹn tí "Kristi," "áńgẹ́lì," "àpọ́sítélì," àti "Bíbélì" fúnra rẹ̀, fi ti inú Gíríìkì wá. Ìyá àgbà tó ń súre pé kí áńgẹ́lì Olúwa ṣọ́ ọ lọ, kó ṣọ́ ọ bọ̀, Gíríìkì wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí náà ń ka ìtàn Dhul-Qarnayn, ọba alágbára kan, nínú Sùúrà Kahf inú Kùránì. Ọ̀pọ̀ onítumọ̀ ní Alexander ni, àwọn mìíràn ta kò wọ́n, torí abọ̀rìṣà ni Alexander.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan nìyí, kó wo Skopje. Nígbà tí orílẹ̀-èdè tí ìlú náà jẹ́ olú rẹ̀ gba òmìnira ní 1991, tó ń pe ara rẹ̀ ní Masedóníà, Gíríìsì yarí pé ogún àwọn ni orúkọ náà. Skopje fi orúkọ Alexander pe pápákọ̀ òfurufú wọn, wọ́n tún gbé ère gàgàrà jagunjagun kan tó gun ẹṣin kalẹ̀ láàárín ìgboro. Ní 2008, Gíríìsì dínà fún wọn láti wọ NATO, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń dáàbò bo ara wọn lójú ogun. Ní 2018, wọ́n yọ orúkọ Alexander kúrò lára pápákọ̀ náà; ní 2019, orílẹ̀-èdè náà di Àríwá Masedóníà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni NATO tó gbà wọ́n wọlé.