Etí Awọ Ni Kí Ẹ Wò: Rírán Èèpo Awọ fún Ìwé Ẹ̀bùn

Tí wọ́n bá gbé èèpo awọ afọwọ́rán fún oníṣẹ́ awọ, kì í kọ́kọ́ wo àwọ̀ rẹ̀. Yóò fi ìka tọ́ etí rẹ̀, yóò sì pa ìwé inú rẹ̀ dé wò bóyá ó ń fà. Ibi méjì yìí ni ẹ̀bùn ti ń bàjẹ́, bó ti wù kí awọ náà wọ́n tó.

Awọ ewúrẹ́ tí wọ́n fi èso igi bagaruwa ṣe nílẹ̀ Hausa ló yẹ iṣẹ́ yìí, èyí tó nípọn tó mìlímítà kan. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: tí aṣọ bá wà níbẹ̀, awọ oníke ni. Tí ẹ bá gé e tí àárín rẹ̀ rí bí eérú tó fara jọ búlúù, kẹ́míkà ni wọ́n fi ṣe é. Ó lágbára o, àmọ́ etí rẹ̀ kò ní dán. Tó bá jẹ́ awọ pupa, ẹ fi aṣọ funfun tútù nù ún kí ẹ tó sanwó. Èyí tó bá ń ṣí sára aṣọ yóò ṣí sọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ ta lọ́rẹ.

Ìwé tí a pa dé là ń wọ̀n. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní ṣíṣí, awọ kò ní tó yí ẹ̀yìn ìwé ká nígbà tí wọ́n bá pa á dé, ìwé yóò sì máa là fúnra rẹ̀. Ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká láti etí iwájú, gba ẹ̀yìn, dé etí kejì. Ìwé A5 tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 yóò fún yín ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 31.6. Ẹ fi mìlímítà 6 kún un kó lè rọra, àti mìlímítà 5 sí etí kọ̀ọ̀kan fún ojú rírán: sẹ̀ǹtímítà 33.2 nìyẹn. Gíga rẹ̀, tó jẹ́ 21, yóò di 22.4: mìlímítà 4 kó lè rọra, àti 5 lókè, 5 nísàlẹ̀ fún ojú rírán. Ẹ tún gé àpò méjì tí a ó ki èèpo ìwé náà bọ̀, tí ìbú wọn jẹ́ 6, tí gíga wọn jẹ́ 22.4.

Tí ẹ bá fẹ́ tẹ orúkọ sí i, kí ẹ tó rán ohunkóhun ni. Ẹ fi fóòmù tútù nu ojú awọ náà jálẹ̀, torí omi ojú kan máa ń fi àmì sílẹ̀. Báírò tí kò ní yíǹkì mọ́ ti tó.

Ní Òṣogbo ìlú aró, ta ni yóò fi inú èèpo sílẹ̀ láìfi àdìrẹ tẹ́ ẹ? Àmọ́ aró máa ń ṣí sí bébà. Ẹ fọ àdìrẹ náà títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ fi áńkáṣíìfù funfun gbò ó wò. Gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́ ni kí ẹ lò. Ẹ lẹ ìdajì kan ná, ẹ wá ká awọ náà bí ìwé tó fẹ́ pa dé kí ẹ tó lẹ ìyókù. Tí ẹ bá tẹ́ gbogbo rẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ̀ ẹ́, yóò ká jọ sí ẹ̀yìn ìwé.

Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ àpò mọ́ awọ ńlá ní etí mẹ́ta nìkan, kí ẹ fi etí tó kọjú sí àárín sílẹ̀ kí ìwé lè wọlé. Ẹ fa ìlà tó fi mìlímítà 4 jìnnà sí etí, kí ẹ tẹ fọ́ọ̀kì ìjẹun lé e. Bí ẹ bá ń sún un, kí eyín àkọ́kọ́ máa bọ́ sójú àmì tó gbẹ̀yìn. Irin táwọn ṣúmẹ́kà fi ń lu bàtà ni kí ẹ fi lu ihò. Òwú ọ̀rá tí a fi ìda oyin pa, mítà kan ààbọ̀ fún àpò kọ̀ọ̀kan, abẹ́rẹ́ kan ní orí méjèèjì. Ihò kan náà làwọn abẹ́rẹ́ méjèèjì ń gbà, ọ̀kan láti iwájú, ìkejì láti ẹ̀yìn. Òun ló fi sàn ju iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ: bí ojú kan bá já, òwú kejì ṣì dì í mú. Ẹ padà sẹ́yìn ní ihò mẹ́ta, ẹ gé e, ẹ fi iná ìṣáná kan orí rẹ̀ kó yọ́.

Etí ló kù, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Ẹ fi sáńpépà 240 ha á, lẹ́yìn náà 400, títí awọ méjèèjì yóò fi dà bí ẹyọ kan. Tí wọ́n bá ń là síbẹ̀, gọ́ọ̀mù ni kò dé etí. Sáńpépà kò lè wò ó sàn. Ẹ fi ìka tó lómi díẹ̀ kan etí náà (omi tó pọ̀ jù yóò mú un wú, yóò sì dọ́tí ojú awọ), kí ẹ fi aṣọ jíǹsì tí ẹ ká gbò ó kíákíá títí yóò fi gbóná, tí yóò dúdú díẹ̀, tí yóò sì máa dán. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta kí ẹ tó fi ìda oyin gbò ó kẹ́yìn. Òróró ẹ̀pà kọ́ o, yóò máa rùn.

Ẹ má sá a sóòrùn, yóò le. Ẹ ki ìwé bọ̀ ọ́, ẹ gbé ohun wúwo lé e mọ́jú. Bébà tàbí aṣọ ni kí ẹ fi wé e, pàápàá lásìkò Ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ tí ọ̀rinrin pọ̀. Awọ inú ọ̀rá máa ń bu.