Àwọn ọ̀nà àdánidá tí a fi ń lé eégbọn

Eégbọn jẹ́ kòkòrò amùjẹ̀ tí ó bá aláǹtakùn tan. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹran, ẹyẹ àti ènìyàn, ó sì lè gbé àrùn láti ara ọ̀kan dé ara òmíràn. Lára àrùn wọ̀nyí ni àìsàn Lyme, ibà Crimean-Congo àti ibà tí Rickettsia africae ń fà. Ọ̀nà àdánidá gbára lé ewéko, ìtọ́jú àyíká àti yíyẹ ara wò.

Bí eégbọn ṣe ń rí ara gùn

Eégbọn kì í fò, kì í sì í ta. Ó máa ń gun koríko, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn di ewé mú, á na ẹsẹ̀ iwájú síta, á sì máa dúró de ohun tó ń kọjá. Ẹ̀yà Haller tó wà lórí ẹsẹ̀ iwájú ló fi ń gbóòórùn, òun náà ló fi ń mọ èémí àti ooru ara. Ó jọ pé ẹ̀yà yìí ni òórùn ewéko ń dà láàmú.

Epo ewéko

Èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni PMD, oògùn alékòkòrò tí a ń ṣe láti ara igi Corymbia citriodora (lemon eucalyptus). Epo tí a kàn fún láti ara ewé igi yìí kò dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Èròjà olóòórùn kan tí ń jẹ́ citronellal ló pọ̀ jù nínú epo tútù náà, kíá ló sì ń gbẹ kúrò lára. Àfi tí a bá sọ citronellal di PMD kí agbára rẹ̀ tó pẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ra epo tútù, wọ́n á sì rò pé oògùn tí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, kí a wo ara ìgò bóyá wọ́n kọ PMD síbẹ̀ àti iye wákàtí tó ń ṣiṣẹ́, kí a lè tún un fi. Ojú awọ tí aṣọ kò bò ni à ń fi í sí. Kì í ṣe fún ojú egbò, kò sì gbọdọ̀ kan ẹyinjú. Ní Amẹ́ríkà, a kì í fi í sára ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3.

Nootkatone jẹ́ èròjà olóòórùn tó wà nínú èso grapefruit àti igi Callitropsis nootkatensis. Ní 2020 ni EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i. Ó ń lé eégbọn, bí ó bá sì pọ̀ tó, ó ń pa á.

Epo rosemary, epo igi sídà (cedar) àti geraniol, èròjà olóòórùn inú ewéko, lè lé eégbọn fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ lára. Tí a kò bá là wọ́n, wọ́n lè bó awọ. Kí a má fi wọ́n pa ológbò lára, nítorí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ májèlé fún un.

Aṣọ àti àyíká

Aṣọ aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ń jẹ́ kí a tètè rí eégbọn. Kí a sì ti ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Bí a bá dé láti inú igbó, ẹ̀rọ ìgbẹ́ṣọ tó gbóná gan-an á pa eégbọn inú aṣọ gbígbẹ ní ìṣẹ́jú 10. Omi tútù kì í pa á. Kí a wẹ̀ láàárín wákàtí 2, kí a sì yẹ abíyá, ẹ̀yìn etí, ìdodo, abẹ́ itan, ẹ̀yìn orúnkún àti orí wò.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ń pa eégbọn, nítorí náà kí a gé koríko, kí a sì kó ewé jíjá dànù. Fífi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ ilẹ̀ ní ìwọ̀n mítà 1 láàárín igbó àti ọgbà máa ń dín eégbọn tó ń wọlé kù. Ẹyẹ awó ń jẹ àgbà eégbọn, àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ tó kéré sábà máa ń yè é, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń kó àìsàn Lyme ran ènìyàn jù.

Yíyọ eégbọn

Kí a fi ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó mú un níbi tó ti sún mọ́ awọ jù lọ, kí a fà á sókè tààrà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìlọ́ ọ. Bí a bá lọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ lè kán sínú ara. A kì í fún ikùn rẹ̀. A kì í fi iná jó o, a kì í sì í fi epo tàbí vaseline bò ó, nítorí ó lè pọ itọ́ tó kún fún àrùn sínú egbò. Lẹ́yìn náà, kí a fi ọṣẹ àti omi tàbí sípíríìtì nu ibẹ̀.

Bakitéríà àìsàn Lyme, Borrelia burgdorferi, ń gbé inú ìfun eégbọn, ó sì gbọ́dọ̀ dé inú ẹṣẹ́ itọ́ rẹ̀ kó tó ran ènìyàn. Ìyẹn sábà máa ń gba ju wákàtí 24 lọ. Fáírọ́ọ̀sì Powassan, tí eégbọn náà ń gbé kiri, kò dúró bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó o. Bí ibà bá dé, tàbí tí ojú awọ bá ń pọ́n, tó sì ń fẹ̀ sí i láàárín ọjọ́ 3 sí 30, kí a tètè rí dókítà, kí a sì sọ ọjọ́ tí eégbọn jẹ wá. Àwọn oògùn bíi doxycycline ni wọ́n fi ń wo Lyme. A kò tíì fìdí ewé tàbí epo kankan múlẹ̀ tó lè rọ́pò wọn.